Rímù Tuntun fún Ọkọ̀ Abẹ́rẹ́

Ọkọ̀ náà kéré débi pé, lọ́jọ́ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ wà á wọ àdúgbò, aládùúgbò rẹ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó síwájú, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ kú oríire o. Ìyókù rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni?" Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò bínú, nítorí pé ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kọjá ohun tí ẹ̀fẹ̀ lè bàjẹ́. Ọkọ̀ pupa ni. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún bí ìdérí ìkòkò, ẹni tó bá sì ga díẹ̀ gbọ́dọ̀ ká eékún mọ́ àyà kó tó lè jókòó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Òun ló yàn án, òun ló rà á, òun náà ló wà á délé.

Ẹ má rò pé ohun kékeré nìyẹn. Obìnrin tí à ń wí yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún. Aṣọ fèrèsé ló ń rán, kò sì sí ilé ńlá kan ládùúgbò náà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sí. Wọ́n sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Àmọ́ bó bá gún ọ tán, òun náà ni yóò tún ibẹ̀ rán fún ọ. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé. Ènìyàn rere lọkùnrin náà, kò fìyà jẹ ẹ́ rí, kò sì sùn síta rí. Ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu ohun gbogbo, bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tí wọ́n máa gbé títí dórí ọṣẹ tí wọ́n máa fi fọ abọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń bá gbogbo ayé yan aṣọ fèrèsé, aṣọ aláwọ̀ eérú ló so mọ́ fèrèsé tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi jọ gbé, torí ọkọ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn. Nígbà tó ní òun fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ọkọ rẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Rárá. Ṣé mo kọ̀ láti gbé ọ lọ ibì kankan rí ni?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ ti ń fúyẹ́ lára rẹ̀, ó gba ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lọ.

Olùkọ́ tí wọ́n fún un níbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti funfun, opó bíi tirẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, tí wọ́n sì ti fọ́n káàkiri. Rọra ni gbogbo ẹni tó kọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun ló sì fi ń parí ẹ̀. "Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, màdáàmù. Ẹ rọra yí i. Ẹ rọra, ẹ rọra, ògiri nìyẹn, kò ní yà fún wa." Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kú mọ́ Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ láàárín oríta, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè bí ẹni tí iná ń jó, Rọra kàn káwọ́ lẹ́rán. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fun ún," ló wí. "Wọ́n kúkú ra ọkọ̀ wọn mọ́ fèrè ni." Ẹ̀rín gba Abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó tún ṣáná, ọkọ̀ sì gbéra.

Ó yege ìdánwò, ó sì ra ọkọ̀ pupa náà. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òun àti Rọra ti parí nìyẹn. Àfi bí Rọra ṣe yọ sí i ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ tó le gbagidi, ó ní òun fẹ́ rán aṣọ fèrèsé.

"Fèrèsé mélòó?" ni Abẹ́rẹ́ bi í.

"Ẹyọ kan."

Ó pẹ́ kó tó rí àwọ̀ mú. Ó gbé èyí sókè, ó gbé tọ̀hún sílẹ̀. Níkẹyìn, ó yíjú sí Abẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo ló wù yín?" Àwọn oníbàárà máa ń bi í léèrè èyí tó dára, èyí tó máa ń pẹ́, èyí tí oòrùn kò ní pa láwọ̀ dà. Èyí tó wù ú, kò sẹ́ni tó béèrè rí. Ó nawọ́ sí aṣọ kan tó ní àwọ̀ ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Ìyẹn náà ni Rọra mú.

Ó gbà á lọ. Kò pẹ́, ó tún dé. Fèrèsé kan. Ó tún padà wá, fèrèsé kan náà ni. Àbúrò Abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní Redíò nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í sùn sí i nínú, ló ń bá a gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà bó ṣe ń lọ, ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ọkùnrin yìí, fèrèsé mélòó ló ní gan-an? Àbí ilé ìwé ló ń gbé ni?"

"Gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ṣùgbọ́n ó ti fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka.

Redíò kò gbájú mọ́ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó sọ ara rẹ̀ di alárinà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó dé ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, ó pe Rọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó ṣe ròyìn rẹ̀ nígbà tó padà dé, ohun tó sọ ni pé, "Tíṣà, ẹ má fi fèrèsé pa ẹ̀gbọ́n mi. Fèrèsé lẹ ń wá ni àbí ẹnu ọ̀nà?" Rọra sì bojú wolẹ̀ bí ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ní, "Ẹnu ọ̀nà ni. Ojú ló ń tì mí."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sán Sátidé, Abẹ́rẹ́ a fi ọkọ̀ pupa gbé e, wọn a lọ sí etí odò tó wà lẹ́yìn ìlú, wọn a jókòó, wọn a máa wo omi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú, wọn kò sunkún; wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, wọn kò ráhùn. Ọkàn Abẹ́rẹ́ balẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Nígbà tí Rọra sì sọ ọ́ jáde pé òun fẹ́ kí àwọn di tọkọtaya, Abẹ́rẹ́ ní kó fún òun láàyè láti rò ó. Ní tòótọ́, ó ti rò ó tán. Ó kàn fẹ́ kí adùn rẹ̀ pẹ́ lẹ́nu òun díẹ̀ ni.

Inú ìrọ̀rùn yìí ni ọ̀rọ̀ rímù bá wọn.

Abẹ́rẹ́ ń lọ ra òwú lọ́jọ́ kan nígbà tí nǹkan kan kọ mọ̀nà lójú rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù onírímù. Rímù alóyì ni, irin fífúyẹ́ tí táyà ń wọ̀, mẹ́rin, wọ́n tò wọ́n síta. Apá wọn pín kúrò láàárín bí òdòdó tó là, wọ́n ń dán bí omi. Abẹ́rẹ́ dúró. Ó kọjá lọ, ó tún padà. Ó fọwọ́ kàn án. Ó wo ọkọ̀ rẹ̀ níbi tó páàkì sí, lórí ẹsẹ̀ irin dúdú tó gbé wá láti iléeṣẹ́, ó dà bí ọmọ tó wọ aṣọ ọdún tí kò ní bàtà. Ó ń rí i lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe máa rí lórí rímù yẹn. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Láti ọjọ́ náà, Abẹ́rẹ́ kò lọ ra òwú mọ́ láìgba ọ̀nà ibẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún Rọra létí odò. Ó ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ń fọwọ́ júwe apá rímù náà. Nígbà tó dé orí ìwọ̀n rẹ̀, Rọra kò jẹ́ kó parí.

"Rárá o," ló wí. "Rárá, rárá. Ìyẹn ò ṣeé ṣe. Rímù oní-íńṣì mẹ́tàdínlógún lórí ọkọ̀ tó gbé oní-íńṣì mẹ́tàlá wá? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Táyà tó máa wọ̀ ọ́ á fẹ́lẹ́, gbogbo kòtò ojú títì ni ẹ̀yìn yín máa kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Sìtíárìn á wúwo. Táyà á máa ha irin tó bò ó lórí. Epo á máa tètè tán. Aago tó ń sọ bí ẹ ṣe ń sáré gan-an á máa purọ́ fún yín. Kò sóhun tó jọ ọ́."

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Láti ibi tó ti gbọ́ "rárá" ni etí rẹ̀ ti di. Ó dà bí ẹni pé olóògbé ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ yín, Tíṣà," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo kàn ń sọ ohun tó wù mí fún yín ni."

"Mo mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá wu ni kọ́ ló yẹ ni."

"Ẹ ṣeun."

Ó fi ọkọ̀ gbé e délé. Kò paná ọkọ̀ nígbà tí Rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin náà dúró sẹ́nu géètì rẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rán nǹkan kan. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé nítorí rímù ni mo ṣe ń bínú? Rímù kọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ní, "Ohun tí mo mọ̀ rèé, ẹ lọ rò ó," èmi náà kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n ó pàṣẹ ni. Ọkùnrin tó ń béèrè àwọ̀ tó wù mí nígbà tó ń wá mi bọ̀, ṣé bó bá gbé mi wọlé tán, kò ní di pé òun ló máa mọ ohun tó yẹ mí? Ara mi ti wá mọ òmìnira lára. Ṣé ọwọ́ ara mi ni mo tún máa fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi? Ó ronú débi pé ó fẹ́ pe Rọra lórí fóònù pé kó má wá mọ́. Ó gbé fóònù, ó gbé e sílẹ̀. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ó fi bínú sí fóònù fúnra rẹ̀.

Sátidé kan kọjá, ìkejì náà kọjá, wọn ò ríra. Redíò ń wò wọ́n, ara rẹ̀ ń yún un.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Abẹ́rẹ́ bí, obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ apoògùn nílé ìwòsàn kan nílùú mìíràn. Nígbà tó wá kí ìyá rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, Redíò kò jẹ́ kó gbé báàgì sílẹ̀ tán kó tó tú gbogbo rẹ̀ fún un, ti rímù, ti ọkùnrin, ó pọ̀ wọ́n pọ̀ bí ẹni ń po sìmẹ́ǹtì. Ọmọ náà bá ìyá rẹ̀ ní kíṣìnnì.

"Màmá, kí ni mo ń gbọ́? Rímù? Èyí táwọn ọmọkùnrin ń fi sí ọkọ̀? Ní ọjọ́ orí yín?"

"Ṣé ọjọ́ orí mi ló máa wà lórí ọkọ̀ ni?"

"Àwọn ènìyàn á máa wò yín."

"Kí wọ́n wò mí. Wọ́n á wò mí, ó á sì sú wọn."

"Ẹ má fi ṣàwàdà. Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Kí n tó mọ̀ pé ó wà, ó ti ń kọ́ yín ní àṣà! Òun ló fi rímù sí yín lórí, àbí? Ọ̀la ó máa ní kẹ́ ẹ ta ilé, ọ̀tunla ó máa..." Ọmọ náà yíjú sí ògiri. "Bàbá mi ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé ẹ̀ ni?"

Abẹ́rẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, ó lọ dúró tì í. Ó fẹ́ sọ pé bàbá rẹ̀ dáa, àmọ́ kò fún òun láyè láti yan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n a kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ láàárín kíṣìnnì. "Mi ò gbàgbé ẹ̀," ló wí. "Ibi yòówù kí n lọ, mo máa gbé e dání lọ ni. Lọ fọ ojú rẹ. Lọ́la, ìwọ ni wàá tẹ̀ lé mi lọ dán rímù náà wò. Onírímù ní kí n fi rìn yípo kí n tó rà á."

Ọ̀rọ̀ yìí kan Redíò létí, ó sì ti tó o. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ àti ọmọ rẹ̀ fi máa dé ṣọ́ọ̀bù onírímù lọ́jọ́ kejì, ta ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì lílọ̀? Rọra ni. Redíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé òjò ló ń retí.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Rọra wí. "Wọ́n ní ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Abẹ́rẹ́ wo àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ń wí pé yóò dáhùn fún un tó bá yá. "Ẹ káàárọ̀, Tíṣà," ló wí. Ó fi ọmọ rẹ̀ hàn án. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n tọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ tutù bí òkúta abẹ́ odò.

Kò pẹ́, onírímù ti de rímù náà mọ́ ọkọ̀ tán. Ká má purọ́, ó rẹwà. Ọkọ̀ kékeré náà ga sókè lójijì, ó ń dán, ó dúró ṣámúṣámú. Redíò pàtẹ́wọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, Rọra níwájú, Redíò àti ọmọ náà ká ara wọn sẹ́yìn, Abẹ́rẹ́ sì ṣáná.

Wọn ò tíì kúrò ní àdúgbò náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, nǹkan kan sì dún lábẹ́ wọn: hààràrà. Abẹ́rẹ́ yà síbi kọ́nà: hààràrà. Wọ́n bọ́ sí kòtò kékeré kan, èyí tí kò tó nǹkan, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n fi òòlù lù wọ́n nídìí. Redíò ké, "Yéè, ẹ̀yìn mi! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá eyín mi padà fún mi o!" Orí ọmọ náà kan òrùlé. Abẹ́rẹ́ di sìtíárìn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó ń retí kí Rọra sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé òun ti wí i. Tó bá lè sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ṣe ni òun máa já a sílẹ̀ sójú títì.

Rọra kò sọ nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú, ó ń wo iwájú. Hààràrà, kò sọ̀rọ̀. Gbì, kò sọ̀rọ̀.

Ọmọ náà ni kò lè mú un mọ́ra. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní sọ nǹkan kan ni?"

"Mo ti sọ tèmi," ni Rọra dáhùn. "Ọkọ̀ tiwọn ni."

"Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí wọ́n fi í sí?"

Rọra yíjú sẹ́yìn pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. "Èmi? Ọmọ mi, èmi tí mo ní kí wọ́n má fi í sí, tí wọn ò sì tìtorí ẹ̀ fojú kàn mí mọ́ láti ọjọ́ náà wá?"

Ọmọ náà wo ọkùnrin náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wo Redíò, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ èékánná ọwọ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní kọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì fọwọ́ bò ó.

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí onírímù ṣe ń tú u, Abẹ́rẹ́ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi lódìkejì. Ojú ń tì í díẹ̀, inú sì ń bí i díẹ̀. Rọra wá, kò jókòó àfìgbà tí Abẹ́rẹ́ ní kó jókòó.

"Ẹ lè sọ ọ́ báyìí," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ sọ pé ẹ ti wí i."

"Kì í ṣe torí kí n lè wí i ni mo ṣe wá. Mo wá bẹ̀ yín ni."

"Ẹ wá bẹ̀ mí? Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló rí bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí mo sọ dáa. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kò dáa. Mo sọ 'rárá' bí ẹni pé èmi ni mo ni ọkọ̀." Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ mọ ọkọ̀ tí mo fi ń kọ́ èèyàn, bíréèkì kejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi. Gbogbo iṣẹ́ ayé mi, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń wakọ̀ ni mo jókòó sí, ẹsẹ̀ mi sì wà lórí bíréèkì yẹn. Ọkọ̀ yín nìkan ni mo ti ń jókòó tí kò sí níbẹ̀. Ìgbà míì mo máa ń fi ẹnu tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é, àfi ìgbà tí ẹ fi mí sílẹ̀ lẹ́nu géètì."

Abẹ́rẹ́ wá sọ ti aṣọ aláwọ̀ eérú fún un, èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà fún Redíò. Kò fi bú olóògbé. Ó kàn sọ bó ṣe rí. Rọra gbọ́ ọ dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní sọ ‘rárá’ mọ́," ló wí níkẹyìn. "Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ẹ máa bá mi wí, mo máa gbọ́."

Ohun tó wọ Abẹ́rẹ́ lára nìyẹn. Ìbá ṣe pé ó búra, kì bá tí gbà á gbọ́.

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ó dáa. Mo ṣì fẹ́ rímù o. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún mi, kí n gbọ́ ọ báyìí."

Rọra sọ ọ́, jẹ́jẹ́, pé ọkọ̀ náà lè gbé rímù oní-íńṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí táyà rẹ̀ bá kúrú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí rímù àti táyà papọ̀ má bàa ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò ní ha ibì kankan. Ó ní gbígbọ̀n á pọ̀ díẹ̀ ṣá, òun ò ní tan án. Abẹ́rẹ́ rò ó, ó wọlé tọ onírímù lọ, ó wá èyí tó wù ú láàárín àwọn oní-íńṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó pẹ́ kó tó rí i. Ìdààmú kan ló wà níbẹ̀: mẹ́ta péré ló wà. "Ọ̀kan yòókù ń bọ̀," ni onírímù ń wí. "Ẹ ní sùúrù." Redíò ní kí wọ́n so mẹ́ta náà mọ́ ọn kí wọ́n máa gun ún bíi kẹ̀kẹ́ ọmọdé.

Ọ̀kan yòókù náà kò yára bọ̀. Láàárín ìgbà tí wọ́n fi ń retí rẹ̀, Sátidé padà sípò. Ọmọ Abẹ́rẹ́ náà wá ń wá sílé léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní iṣẹ́ ló dínkù, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kan, Abẹ́rẹ́ ń gbé tíì bọ̀ láti kíṣìnnì nígbà tó gbọ́ tí ọmọ náà ń bi Rọra léèrè ní pálọ̀, láìfi bò.

"Bàbá, tí màmá mi bá wá sọ́dọ̀ yín, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà?"

Abẹ́rẹ́ dúró gbagidi pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

"Aago ilé mi kan wà tó máa ń pariwo," ni Rọra wí. "Tí wọ́n bá ní kí n yọ ọ́, mo máa yọ ọ́. Ti àwọn fúnra wọn, mi ò tíì rí ibi tó fẹ́ àtúnṣe."

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọlé, ọmọ náà ló dìde gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, Rọra ló sì kọ́kọ́ bu tíì fún. Nígbà tí wọ́n jọ ń fọ ife lẹ́yìn náà, ó fi èjìká kan ìyá rẹ̀. "Kò burú," ló wí. "Ó ń wo ojú yín kó tó sọ̀rọ̀. Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?" Omijé bọ́ sínú omi ọṣẹ, a kò mọ ti ẹni tó jẹ́.

Rímù kẹrin dé nígbà tó wù ú. Wọ́n so ó mọ́ ọn. Kò dán tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó bá ọkọ̀ náà mu bí ẹni pé wọ́n jọ wá sáyé ni. Kò ha. Ó gbọ̀n díẹ̀, bí Rọra ṣe wí. Lẹ́yìn tí wọ́n fi rìn fún ìgbà díẹ̀, Rọra mú sípánà wá lọ́wọ́. "Nọ́ọ̀tì rímù tuntun máa ń fẹ́ kí wọ́n tún un fún," ló wí. "Ṣé kí n fún un?"

"Ẹ fún un."

Ó kúnlẹ̀ tì í, ó yí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nu ọwọ́. Ó wá ní, "Ohun kan tún wà. Níbi kọ́nà, ó di ojú títì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ tún un sọ, mi ò gbọ́."

"Ẹ gbọ́ ọ dáadáa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú oòrùn àárọ̀. Ibẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti sọ ọ́. Kò múra fún un, aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, òwú sì ń bẹ lára apá rẹ̀. "Tíṣà, ọ̀rọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ fún mi láàyè láti rò lọ́jọ́sí, mo ti rò ó tán. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Rọra.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, láàárọ̀, láìpariwo. Ọmọ Abẹ́rẹ́ àti Redíò ló jẹ́rìí. Redíò sunkún débi pé akọ̀wé bi í bóyá òun ni ìyá ìyàwó. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn méjì náà ṣáájú lọ sílé láti lọ tẹ́ tábìlì, wọ́n ní kí ìyàwó àti ọkọ máa bọ̀ lẹ́yìn.

Abẹ́rẹ́ jókòó sídìí ọkọ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. "Níbo là ń lọ?" ló bi ọkọ rẹ̀, bó ṣe máa ń bi ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ibi tó bá wù ọ́, Abẹ́rẹ́ mi," ni Rọra wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "yín" bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ojú sì tì í, ó wo òde.

Dípò kí Abẹ́rẹ́ yà sápá ọ̀tún, ọ̀nà ilé, ó yà sápá òsì. Ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí kò gùn rí lọ. Lókè pátápátá, obìnrin kan ń ta ọsàn lábẹ́ agbòjò. Wọ́n rà díẹ̀, wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n ń bó o, wọ́n ń mu ún, omi ọsàn ń kán sí aṣọ ìgbéyàwó. Gbogbo ìlú wà nísàlẹ̀, òrùlé lórí òrùlé, kékeré bí àwọn bọ́tìnnì tó wà nínú agolo.

Fóònù dún. Ọmọ rẹ̀ ni. "Màmá, oúnjẹ ti ń tutù! Níbo lẹ wà?"

"À ń bọ̀, ọmọ mi. A ti dé ọ̀nà."

Ó pa fóònù. Ó gbé ọsàn mìíràn, ó bó o, ó pín in sí méjì, ó na ìdajì sí ọkọ rẹ̀.